Ìbídùnní àti Ẹ̀rọ Tí Yóò Dá A Padà Sílé

Ọmọ ọdún mẹ́rin ni Ọ̀rẹ̀fẹ́ nígbà tí ìyá rẹ̀ fi Iléṣà sílẹ̀ lọ sí Maiduguri. Ìbídùnní ni orúkọ ìyá náà. Iṣẹ́ olùtọ́jú sító ló rí lọ́hùn-ún, lọ́dọ̀ àjọ kan tó ń kó oúnjẹ àti oògùn fún àwọn tí ogun lé kúrò nílé wọn. Adéṣẹ́gun ọkọ rẹ̀, olùkọ́ ìṣirò, ló ní kó lọ. Ó ní ọdún méjì kì í ṣe ayérayé, ìyá òun yóò máa bá àwọn mójú tó ọmọ. Ni ọdún méjì bá di mẹ́ta, mẹ́ta di mẹ́fà. Nígbà tí ohun tí mo fẹ́ ròyìn yìí bẹ̀rẹ̀, Ọ̀rẹ̀fẹ́ ti pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, Ìbídùnní sì ti gbọ́ Hausa débi pé ó lè fi dúnàádúrà ní Monday Market láti àárọ̀ di ọ̀sán kí ẹnikẹ́ni má fura pé àlejò ni.

Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ló ń lọ sílé: ọ̀sẹ̀ kan nígbà Kérésìmesì, ọ̀sẹ̀ kan nínú oṣù kẹjọ. Ìyókù, orí fóònù ni. Lọ́dún àkọ́kọ́, ẹkún ni ọmọ náà máa ń sun tó bá ti gbọ́ ohùn rẹ̀, ẹkún yẹn a sì bá Ìbídùnní dé ẹnu iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. Ṣùgbọ́n ohun tó wá dùn ún ju ẹkún lọ ni ìgbà tí ẹkún dá. "Ẹ káàsán mà. Dáadáa ni mà. Wọ́n wà ńbí mà. Ó dàbọ̀ mà." Bí ẹni ń jẹ́ ìpè ní kíláàsì. Ní Kérésìmesì kan, ó ra bàtà pupa kan fún un ní Monday Market, ó fi ẹsẹ̀ oṣù kẹjọ díwọ̀n. Nígbà tó délé, bàtà kò gba ẹsẹ̀ mọ́. Ọ̀rẹ̀fẹ́ kò sọ nǹkan kan. Ó fipá ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, ó ń tiro kiri ilé fún odidi ọjọ́ méjì kí inú ìyá rẹ̀ má bàa bàjẹ́. Ìyá ọkọ Ìbídùnní ló wá fẹ̀sọ̀ sọ fún un ní ẹ̀yìnkùlé.

Sító tó ń tọ́jú wà lójú ọ̀nà Kano, níbi tí ènìyàn ti ń jáde nílùú. Omíyalé ọdún 2024 ti wọ èyí tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀, ó ba àìmọye àpò ọkà jẹ́, ni àjọ náà bá wá ibi gíga lọ. Ilẹ̀ ibẹ̀ ga lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò fẹ̀. Orí pálẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń to gbogbo ẹrù sí, ìyẹn pákó tí wọ́n kàn pọ̀ bí àtẹ pẹrẹsẹ, tí fọ́kílíìfù, ọkọ̀ tó ń gbé ẹrù sókè, lè ti irin rẹ̀ méjèèjì bọ abẹ́ rẹ̀ gbé. Àpò ẹ̀wà wà níbẹ̀, àpò ọkà bàbà wà níbẹ̀, òróró inú páálí, àti ẹ̀pà lílọ̀ aládùn tí wọ́n fi ń tọ́jú ọmọ tí ebi ti sọ di egungun. Kí fọ́kílíìfù tó lè ráyè kọjá, wọ́n gbọ́dọ̀ fi ọ̀nà sílẹ̀ láàárín ẹrù, ọ̀nà wọ̀nyẹn ló sì ń jẹ àyè mọ́ wọn lọ́wọ́. Ibi tí fọ́kílíìfù kò bá sì dé, èjìká ènìyàn ló kù.

Alábàárù méjìdínlọ́gbọ̀n ló ń fi èjìká ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Baba Kolo, Kanuri kan tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, ni olórí wọn. Nígbà ayé ìdẹ̀ra, ó máa ń bá àwọn oníṣòwò kó màlúù láti Kasuwan Shanu, ọjà màlúù Maiduguri, lọ sí gúúsù, ó mọ Ìlá, ó mọ Àkúrẹ́, ó sì ṣì rántí bí a ṣe ń sọ pé "Ẹ kú iṣẹ́" àti "Omi dà?" Kò pe Ìbídùnní ní mádáàmù rí. "'Yata" ló ń pè é, ìyẹn ọmọbìnrin mi ní Hausa. Nígbà tí ibà dá Ìbídùnní dùbúlẹ̀ ní ọdún kejì tó dé, tí kò sí ará kankan nítòsí, ìyàwó Baba Kolo ló wá bá a gbé fún ọjọ́ mẹ́rin, tó ń fún un ní kúnú gbígbóná pẹ̀lú ṣíbí bí ọmọ ọwọ́.

Ní oṣù kọkànlá, Malam Bukar, ọ̀gá sító náà, pe Ìbídùnní sí ọ́fíìsì. Ó ní àjọ ti ra ẹ̀rọ kan tí yóò jẹ́ kí sító kékeré yẹn gba ìlọ́po méjì ohun tó ń gbà. Ìbídùnní ń mi orí, ó rò pé ọ̀rọ̀ tán, àfi bí Malam Bukar ṣe rẹ ohùn sílẹ̀.

"Tí ẹ̀rọ yìí bá ti lè ṣiṣẹ́ oṣù mẹ́ta gbáko láìdákú, olùtọ́jú sító kan ṣoṣo yóò tó wa. Ẹ̀yin méjì lẹ wà báyìí. Mo ti fi orúkọ rẹ ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì Ìbàdàn. Ṣé kò jìnnà sílé yín?"

"Wákàtí méjì àbọ̀ ni, sà," ni Ìbídùnní dáhùn.

Ó jáde lọ jókòó sórí àpò ẹ̀wà kan, ó pe ọkọ rẹ̀. Adéṣẹ́gun ní, "Ìyá Ọ̀rẹ̀fẹ́, má tíì sọ fún ọmọ yìí o. Jẹ́ kó ṣẹlẹ̀ ná."

"Mo gbọ́ yín, Bàbá Ọ̀rẹ̀fẹ́. Mi ò ní sọ."

Ṣùgbọ́n bí ọmọ ṣe gba fóònù báyìí, tó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ ìpè rẹ̀ bó ṣe máa ń jẹ́ ẹ, ọ̀rọ̀ já bọ́ lẹ́nu ìyá rẹ̀. "Ọ̀rẹ̀fẹ́, mo lè máa padà bọ̀ wálé."

"Nígbà wo mà?"

Ìbídùnní kò rántí ìgbà tí ọmọ náà ti bi í ní ìbéèrè kankan gbẹ̀yìn. "Ẹ̀rọ kan ni wọ́n ń retí," ó wí. "Tó bá ti dé, tó sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa."

Láti ọjọ́ náà lọ, Ọ̀rẹ̀fẹ́ kì í jẹ́ ìpè mọ́. Bó bá ti gbé fóònù, ohun tó máa ń kọ́kọ́ bèèrè ni, "Mọ́mì, ẹ̀rọ yẹn ti dé?"

Ìbídùnní kò sọ ọ̀rọ̀ Ìbàdàn fún ẹnikẹ́ni ní sító, pàápàá Baba Kolo.

Ẹ̀rọ dé ní oṣù kìíní, nígbà tí ọyẹ́ ti fi eruku bo gbogbo Maiduguri tí ènìyàn kò fi rí igi dòǹgóyárò tó wà lódìkejì títì. Ọ̀dọ́mọkùnrin ẹnjiníà kan láti Abẹ́òkúta, Ayọ̀kúnmi, ló bá a wá. Irin ni wọ́n kọ́kọ́ tò. Òpó irin gogoro tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan òrùlé ni, ìpele mẹ́rin lórí ara wọn, láti ẹnu sító dé ẹ̀yìn rẹ̀, wọn kò sì fi ọ̀nà kankan sí àárín. Ìpele kọ̀ọ̀kan pín sí ihò gígùn gígùn, ihò kọ̀ọ̀kan ní ojú irin bíi ti rélùwéè, ó sì lè gba ogún pálẹ́ẹ̀tì tí wọ́n tẹ̀lé ara wọn.

Ọkọ̀ kékeré pẹlẹbẹ kan ló ń ṣiṣẹ́ nínú àwọn ihò náà. Kò ní ìjókòó, kò sì ní awakọ̀. Fọ́kílíìfù a gbé e sẹ́nu ihò, a gbé pálẹ́ẹ̀tì sórí ojú irin náà, Ìbídùnní a tẹ tábúlẹ́ẹ̀tì ọwọ́ rẹ̀, ọkọ̀ pẹlẹbẹ náà a wọ abẹ́ ẹrù, a fi ẹ̀yìn gbé e, a sì sáré gbé e wọ inú òkùnkùn lọ. Tó bá dé ẹ̀yìn ẹrù tó ti wà níbẹ̀ ṣáájú, a sọ tirẹ̀ kalẹ̀, a padà wá. Iwájú ni ẹrù ń gbà wọlé, ẹ̀yìn ló ń gbà jáde, kí èyí tó kọ́kọ́ wọlé lè kọ́kọ́ lọ, kí oúnjẹ má bàa bàjẹ́ síbẹ̀. Àwọn alábàárù wò ó lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sọ ọ́ ní Kunkuru, ìyẹn ìjàpá.

Ẹ̀rín náà kò pẹ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, lẹ́yìn tí Kunkuru ti fi wákàtí kan ṣe iṣẹ́ tí ènìyàn mẹ́wàá ń fi ọjọ́ kan ṣe, Baba Kolo wá dúró ti Ìbídùnní.

"'Yata, tí nǹkan yìí bá ń gbé e, kí ni àwa ó máa gbé?"

Ìbídùnní wo tábúlẹ́ẹ̀tì ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni pé ìdáhùn wà níbẹ̀. "Baba, mi ò mọ̀," ó wí.

Òótọ́ ni pé kò mọ̀. Ṣùgbọ́n ó mọ ibi tí ẹ̀rọ náà yóò gbé òun fúnra rẹ̀ lọ.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí Kunkuru fi bẹ̀rẹ̀ sí í dá dúró. Yóò gbé ẹrù, yóò rìn dé àárín ihò, yóò dúró gbagidi, iná pupa yóò máa ṣẹ́jú níwájú rẹ̀. Ayọ̀kúnmi á fi okùn wáyà fà á jáde, á tú u, á tún un tò. Ó pààrọ̀ bátìrì, ó nu eruku ọyẹ́ kúrò lójú ẹ̀rọ náà láràárọ̀, ó pe àwọn ọ̀gá rẹ̀ l'Ékòó títí ohùn rẹ̀ fi há. Kunkuru kò gbọ́.

"Àǹtí, ó ti sú mi," ó sọ fún Ìbídùnní. "Wọ́n ní tí kò bá sàn kí oṣù yìí tó parí, ká tú gbogbo rẹ̀, ká kó o padà."

Nílé, Ọ̀rẹ̀fẹ́ ń bèèrè, "Mọ́mì, ó ti ń ṣiṣẹ́?"

"Kò tíì ṣiṣẹ́ dáadáa."

"Ó dáa mà." Á wá gbé fóònù fún ìyá àgbà.

Ní ọjọ́ Ajé kan, ẹ̀rọ tún dúró nínú ihò ìsàlẹ̀. Ayọ̀kúnmi lọ wá okùn. Ìbídùnní bẹ̀rẹ̀, ó tan iná fóònù rẹ̀ sínú ihò, ó sì rí i. Nylon ni. Àwọn ẹrù yìí ti Port Harcourt wá, nylon fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi ń wé wọn mọ́ pálẹ́ẹ̀tì. Kí ọkọ̀ akẹ́rù tó la Jos àti Damaturu kọjá, gbágungbàgun ọ̀nà ti fà á ya. Ẹ̀ya nylon kan tí kò ju ọwọ́ ọmọdé lọ sọ̀ kalẹ̀ níwájú ojú ẹ̀rọ náà gan-an, ó ń mì lẹ̀ǹgẹ̀. Kunkuru rò pé ògiri ni. Ó dúró kó má bàa kọlù ú. Bí Ayọ̀kúnmi sì ṣe fà á jáde, nylon náà ká sókè sí ẹ̀gbẹ́ ẹrù, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè rí mọ́. Ìbídùnní tún wo ìsàlẹ̀ pálẹ́ẹ̀tì náà: pákó méjì ti ṣẹ́, ọ̀kan ń fà lórí ojú irin.

Ó dìde. Ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu rẹ̀. Ó bojú wẹ̀yìn, ó rí Baba Kolo àti àwọn ènìyàn rẹ̀ tí wọ́n jókòó lábẹ́ igi, tí wọ́n ń wo ẹ̀rọ tó dákú pẹ̀lú ojú ẹni tí ẹ̀mí rẹ̀ tún gùn díẹ̀ sí i. Ó pa ẹnu dé.

Ó pa á dé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ó pa á dé l'Ọ́jọ́rú. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé òun kì í ṣe ẹnjiníà, pé bóyá òun ṣì í rí. Bó bá sì rántí Ọ̀rẹ̀fẹ́, á fẹ́ sọ ọ́, á tún rántí kúnú inú ṣíbí ìyàwó Baba Kolo. Kò rí ẹni bá sọ ọ́.

Lọ́jọ́bọ̀, ọkọ̀ akẹ́rù mẹ́ta wá gbé ẹ̀pà lílọ̀ fún ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé kan ní ìlú tó wà lọ́nà ìlà-oòrùn. Àwọn ológun ni yóò sìn wọ́n lọ. Aago mẹ́wàá ni wọ́n ń gbéra, wọn kì í sì dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹni tí wọ́n bá fi sílẹ̀, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Aago mẹ́jọ ààbọ̀, Kunkuru gbé pálẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́, ó dúró sáàárín ihò. Gbogbo ẹ̀pà lílọ̀ tó kù wà lẹ́yìn rẹ̀. Ayọ̀kúnmi fa okùn, okùn já.

Fóònù Malam Bukar kò sinmi. Nọ́ọ̀sì kan ló wà lórí rẹ̀, ó ní ohun tó kù lọ́wọ́ àwọn kò lè dé ọjọ́ Àìkú.

"Àwa ó wọlé lọ kó o," ni Baba Kolo wí.

"Baba, ó léwu," ni Ayọ̀kúnmi fi Hausa àkọ́ṣẹ̀ṣẹ̀kọ́ rẹ̀ sọ. "Kì í ṣe ibi tí ènìyàn ń wọ̀."

"Ọmọ tó ń kú lọ́hùn-ún kò mọ ìyẹn."

Kò gbà kí ọ̀kankan nínú àwọn ọ̀dọ́ rẹ̀ wọlé. Ó ní ọmọ ọlọ́mọ ni wọ́n. Ó bọ́ fìlà rẹ̀ fún Ìbídùnní, ó rá wọnú ihò náà, ó gun orí ẹrù tó dí i lọ́nà, ó bọ́ sí òdìkejì. Láti ibẹ̀ ló ti ń na páálí kọ̀ọ̀kan síta, tí wọ́n ń gbà á lọ́wọ́ sí ọwọ́ títí dé ọkọ̀. Wọ́n ń ka páálí sókè ní Hausa bí wọ́n ṣe máa ń ṣe láyé àtijọ́. Wọ́n ti kó igba jáde, ọkọ̀ kan ti kún, òmíràn ti dé ìdajì, nígbà tí pákó kan ṣẹ́ lábẹ́ ẹsẹ̀ Baba Kolo. Wọ́n gbọ́ ìró rẹ̀ kí wọ́n tó gbọ́ igbe. Páálí tó tò sókè ya lù ú.

Nígbà tí wọ́n fà á jáde, apá òsì rẹ̀ ń fì. Eegun èjìká rẹ̀ ti kán. Ọkọ̀ méjèèjì tó rí ẹrù kó bá àwọn ológun lọ, ẹ̀kẹta dúró. Ìbídùnní bá Baba Kolo lọ sílé ìwòsàn nínú keke napep, fìlà bàbá náà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn ìrọ̀lẹ́, nígbà tí wọ́n ti di apá náà, tí oògùn ìrora sì ti mú un rọ̀ díẹ̀, Ìbídùnní fa àga sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Baba, mo mọ ohun tó ń ṣe ẹ̀rọ yẹn. Láti ọjọ́ Ajé ni mo ti mọ̀ ọ́n."

Bàbá náà yí ojú sí i. "O mọ̀ ọ́n?"

"Nylon ni. Àti àwọn pákó tó ti ṣẹ́."

"Kí ló dé tí o kò sọ?"

"Nítorí yín ni. Tí ẹ̀rọ bá ṣiṣẹ́, wọn yóò ní kí ẹ máa lọ."

Baba Kolo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ìrora kò jẹ́. "O dákẹ́ nítorí mi, ó sì wá wó lé èmi náà lórí."

Ìbídùnní bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ó wá sọ gbogbo rẹ̀ jáde: ọ̀rọ̀ Ìbàdàn, oṣù mẹ́ta, àti ọmọ tó ń bèèrè ẹ̀rọ lórí fóònù. Ó ní òun kò mọ èyí tó burú jù nínú méjèèjì, kí òun sọ̀rọ̀ kí òun lè rí ọmọ òun ni, tàbí kí òun dákẹ́.

Bàbá náà gbọ́ ọ dópin.

"Falmata ni orúkọ ọmọ mi. Ìwọ kò mọ̀ ọ́n. Ọdún kọkànlá nìyí tí àwọn agbébọn ti mú un lọ nílùú wa. Lójoojúmọ́ tí ọkọ̀ bá ti ibẹ̀ dé, ìyá rẹ̀ ń lọ wo àwọn tó ń sọ̀ kalẹ̀. Kò sí ẹ̀rọ tó lè gbé e wá fún mi, 'yata. Èmi kò mọ ibi tí mo lè ní kí wọ́n ti lọ wá a." Ó fi ọwọ́ tó kù kan ọwọ́ Ìbídùnní. "Tìrẹ jókòó sójú kan. A mọ ilé, a mọ ọ̀nà. Kí lo wá ń ṣe níbí?"

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Ìbídùnní mú Ayọ̀kúnmi lọ sẹ́nu ihò, ó fi nylon hàn án. Ayọ̀kúnmi di orí mú. "Àǹtí, ọjọ́ mélòó ni mo ti ń tú ẹ̀rọ yìí!" Ọ̀dọ̀ Malam Bukar ni Ìbídùnní gbà lọ. Ó jẹ́wọ́ pé òun ti rí i láti ọjọ́ Ajé, Malam Bukar sì bínú sí i gidigidi, ó kọ ìwé ìkìlọ̀ fún un. Ó gba ìwé náà, kò lọ.

"Sà, ẹ̀rọ kò lè rí pákó tó ṣẹ́. Kò lè gé nylon. Pálẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ gba ọwọ́ ènìyàn kọjá kó tó wọ ihò: ẹni tí yóò yí i wò, ẹni tí yóò kan ìṣó mọ́ ọn, ẹni tí yóò tún nylon wé. Àwọn tó mọ ẹrù wọ̀nyí wà níta. Ẹ má lé wọn lọ."

"Gbogbo wọn?"

"Gbogbo wọn, sà."

Gbogbo wọn kọ́. Mẹ́tàlá ni àjọ gbà, pẹ̀lú Baba Kolo gẹ́gẹ́ bí olórí àwọn tó ń yẹ pálẹ́ẹ̀tì wò. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Ìbídùnní bọ̀ wọ́n lọ́wọ́ ní ẹnubodè lọ́kọ̀ọ̀kan. Mélòó kan nínú wọn kò wo ojú rẹ̀. Ó gbọ́ lẹ́yìn náà pé àwọn kan ń gbé ẹrù ní Kasuwan Shanu. Àwọn yòókù, kò gbúròó wọn mọ́.

Kunkuru ṣiṣẹ́ oṣù mẹ́ta gbáko láìdákú. Ọ̀rẹ̀fẹ́ ń kà á lórí kàlẹ́ńdà tí bàbá rẹ̀ so mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Lọ́jọ́ tó pé, Ìbídùnní wọ ọ́fíìsì Malam Bukar. Malam Bukar kò tètè gbé ojú sókè.

"Ìbàdàn ní kí a ní sùúrù. Ìwọ nìkan lo mọ ẹ̀rọ yìí dunjú. Olùtọ́jú kejì ti kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. A ó fún ọ ní ẹni tí wàá kọ́."

Ìbídùnní kò lè pe ilé lọ́jọ́ náà. Nígbà tó pè lọ́jọ́ kejì, ọ̀rọ̀ ọkọ rẹ̀ kò gùn. "Ìyá Ọ̀rẹ̀fẹ́, báyìí náà lo ṣe sọ lọ́dún kẹta." Ọmọ gba fóònù.

"Mọ́mì, ẹ ní ó ti ń ṣiṣẹ́. Kí ló wá kù?"

"Mo fẹ́ kọ́ ẹnì kan bí wọ́n ṣe ń lò ó ni."

"Ẹ jọ̀ọ́ mà," ni Ọ̀rẹ̀fẹ́ wí, "ẹ má kọ́ ọ pẹ́."

Ẹni tí wọ́n mú wá ni Kaosarah, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n bí sí Maiduguri, tí bàbá rẹ̀ ti ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ níbẹ̀ láti ogójì ọdún. Orí rẹ̀ pé, ọwọ́ rẹ̀ yá. Yorùbá rẹ̀ ni kò já gaara. "Àǹtí, Kunkuru ya tsaya fa! Ó dúró ní... ní ciki, ní inú!" Ìbídùnní á sáré lọ, á bá a pé nylon ni. Ó kọ́ ọ ní gbogbo ohun tó mọ̀, ó sì ń kán an lójú ju bó ṣe yẹ lọ. Nígbà mìíràn, lẹ́nu iṣẹ́, á máa wo ọmọbìnrin náà bó ṣe ń pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù pé kó bá òun fi oúnjẹ sílẹ̀.

"Àǹtí Ìbídùnní, kí lẹ ń wò?"

"Kò sí. Ìyá rẹ ń gbọ́, dá a lóhùn."

Oṣù méje ló gbà kí Ìbídùnní tó lè fi iṣẹ́ lé e lọ́wọ́. Baba Kolo sìn ín dé pápákọ̀ òfurufú. Apá òsì rẹ̀ kò lè kọjá èjìká mọ́. Ó gbé páálí èso dàbínù kan fún un. Ìbídùnní fẹ́ kúnlẹ̀ bó ṣe máa ń kúnlẹ̀ fún àgbà nílé. Bàbá náà fà á dìde, ó ní ọkọ̀ òfurufú kì í dúró.

Ọ̀rẹ̀fẹ́ ti ga ju èjìká ìyá rẹ̀ lọ. Ó dì mọ́ ọn ní gáréèjì Iléṣà, ó sì tètè tú u sílẹ̀. Ìbídùnní ń ṣiṣẹ́ n'Ìbàdàn láti ọjọ́ Ajé, ó ń dé lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì. Ó ti rò ó tán nínú ọkàn rẹ̀ ní Maiduguri bí yóò ṣe rí: òun yóò máa di irun ọmọ, òun yóò máa bi í léèrè iṣẹ́ ilé ìwé. Ṣùgbọ́n tí Ọ̀rẹ̀fẹ́ bá fẹ́ jáde, ìyá àgbà ló ń tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀, kódà tí Ìbídùnní bá jókòó síbẹ̀. Tí ọmọ náà bá ń pín oúnjẹ, ó ti mọ iye ẹran tó jẹ́ ti bàbá rẹ̀. Ìyá ọkọ rẹ̀ rí i, ó ń wá ẹ̀bùrú láti yẹra fún wọn, ó ń lọ kí ará àdúgbò nígbà tí kò nílò àtilọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, Ìbídùnní ká ẹ̀wù ilé ìwé ọmọ náà, ó rẹ ẹ́ sínú ọṣẹ. Ọ̀rẹ̀fẹ́ dé, ó rí i, ojú rẹ̀ yí padà.

"Mọ́mì, kì í ṣe bẹ́ẹ̀! Ẹ ò mọ bí a ṣe ń ṣe é nílé yìí!"

Adéṣẹ́gun gbọ́ láti inú yàrá, ó fẹ́ jáde wá bá ọmọ wí. Ìbídùnní ṣẹ́wọ́ sí i pé kó máà wá. Ó jókòó sórí àpótí ìdáná, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ń kán omi.

"Òótọ́ lo sọ," ó wí. "Mi ò mọ̀ ọ́n."

Ọmọ náà dúró. Ó jọ pé ìbínú ló ti ń retí, kò rí i. Ó fi ẹsẹ̀ ha ilẹ̀ díẹ̀, ó wá bẹ̀rẹ̀, ó yọ ẹ̀wù náà kúrò nínú ọṣẹ.

"Ọrùn rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń fọ̀ lọ́tọ̀," ó wí, ohùn rẹ̀ ti rọ̀. "Tí ẹ bá rẹ gbogbo ẹ̀ pọ̀, àwọ̀ rẹ̀ máa ń ṣí. Ẹ wò ó. Ẹ fún mi lọ́wọ́ yín."

Ìbídùnní na ọwọ́ sí i.